Ẹ̀rọ Tí Ń Yí Bírí Lọ́wọ́ Oníṣẹ́ Awọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ awọ, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ọwọ́ tí ń yí bírí, irú Dremel yẹn, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè agbára. Ẹ bèèrè bóyá eré rẹ̀ ṣeé dín kù. Dremel 4000 ń yí láti ìgbà 5,000 dé 35,000 ní ìṣẹ́jú kan. Eré tó lọ sílẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ń fẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mú etí bẹ́líìtì dán, ẹ fi sáńpépà ha á kó dọ́gba, ẹ fi omi díẹ̀ pa á, kí ẹ wá fi orí onígi tí ẹ so mọ́ ẹ̀rọ náà rọra fi pa á lọ pa á bọ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì dúró lójú kan. Etí tó rí wúruwùru yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí èkùrọ́. Ìkánjú ló jẹ́ kí n jó ti oníbàárà kan dúdú nígbà kan. Ó ṣì ń dùn mí.

Awọ tí wọ́n fi èso bàgàrúwà ṣe ló ń gba dídán yìí dáadáa. Awọ oníkẹ́míkà kì í gbà á bọ̀rọ̀. Eruku awọ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lo ìbòmú, ẹ wọ gíláàsì, kí ẹ sì ká apá aṣọ sókè kí ẹ tó tan ẹ̀rọ náà.