Tíkẹ́ẹ̀tì Alẹ́ Ọdún Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́: Ṣé Ó Tó Owó Tí Wọ́n Ń Pè É?

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ ní Abẹ́òkúta, ìpolówó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti Kútọ̀ dé Panṣẹ́kẹ̀, lára ògiri, lára òpó iná, àti nínú fóònù gbogbo wa. Alẹ́ Kérésì níbí, àìsùn ọdún tuntun lọ́hùn-ún, olórin ń bọ̀, apanilẹ́rìn-ín ń bọ̀, wọn yóò sì yin iná aláràbarà sójú ọ̀run. Ìsàlẹ̀ ìwé ìpolówó náà ni iye owó máa ń wà: ti àgbà lọ́tọ̀, ti ọmọdé lọ́tọ̀, ti àwọn tó fẹ́ jókòó níwájú lọ́tọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni bàbá tàbí ìyá tó ní ọmọ bíi mẹ́ta, tó sì mọ̀ pé owó iléèwé ń dúró dè é nínú oṣù kìíní. Ṣé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ ọdún ni, àbí kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọgbà kan náà ní Sátidé tí kò sí ọdún kankan?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti sọ irú tíkẹ́ẹ̀tì yìí di òwò ńlá. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ni wọ́n ń ṣe Halloween. Àwọn ọmọdé á wọ aṣọ iwin àti ti òkú, wọn á dé ìbòjú, wọn á sì máa gba súùtì láti ilé dé ilé. (Àwa tí a mọ egúngún baba wa, ẹ má ṣe fi wé e, eré ni tiwọn.) Láti ọdún 1995 ni ọgbà Magic Kingdom ti iléeṣẹ́ Disney, ní ìpínlẹ̀ Florida, ti sọ ọ́ di àríyá alẹ́ tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ti sanwó wọlé láàárọ̀ kò lè fi tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ yẹn dúró. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọgbà ń tì fún un. Àwọn tó ra ti alẹ́ lè wọlé láti aago mẹ́rin, aago méje ni àríyá bẹ̀rẹ̀, ó di aago méjìlá òru kó tó parí.

Ẹ wá wo iye rẹ̀. Ní ọdún 2025, èyí tó rọ̀ jù lọ jẹ́ dọ́là 119, èyí tó wọ́n jù lọ jẹ́ dọ́là 229. Èyí tó rọ̀ wà nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí Halloween gan-an ṣì jìnnà. Èyí tó wọ́n ni ti ọjọ́ Halloween fúnra rẹ̀. Ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ kan náà ni wọ́n ń wò ní ọjọ́ méjèèjì, iná kan náà ni wọ́n ń yìn sókè, súùtì kan náà ni wọ́n ń bù fọ́mọ. Bí a bá pín owó náà sí wákàtí mẹ́jọ, láti aago mẹ́rin sí aago méjìlá, ẹni tó lọ ní oṣù kẹjọ ń san bíi dọ́là 15 fún wákàtí kan, ẹni tó dúró di ọjọ́ náà ń san bíi dọ́là 29. Orúkọ ọjọ́ ni ẹni kejì fi owó yòókù rà. Ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún tó ń pe fóònù pé òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ, ẹ bi í léèrè pé ọjọ́ wo ló fẹ́ mú.

Àmọ́ ká má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ní nǹkan tí wọ́n ń tà. Wọ́n ní iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún alẹ́ kan. Bó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Nítorí náà ẹni tó sanwó ń retí pé ìlà tí òun máa tò kó tó kan òun lórí ohun ìṣeré kò ní gùn tó ti ọ̀sán. Àyè ló ń rà. Àwọn tó gbọ́n sì ti rí ọ̀nà mìíràn: wọ́n máa ń lọ ní ọ̀sán ọjọ́ tí àríyá máa wà lálẹ́, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún ọjọ́ tí ọgbà máa tètè tì, ìlà á sì fúyẹ́. Owó ọ̀sán ni wọ́n san, àyè bíi ti alẹ́ ni wọ́n jẹ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa kì í rò dé. Bí wọ́n bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ ọdún fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé èèyàn mélòó ni ẹ ń tà á fún. Bí kò bá lè sọ iye kan, á jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti mówó dé géètì ni wọ́n máa gbà wọlé. Kò sí àyè nínú ohun tí ẹ rà nìyẹn. Èrò lẹ rà. Kí ẹ sì tó bínú, èrò yìí gan-an ni ọjà fún àwọn mìíràn. Ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún kò lọ síbi àìsùn ọdún láti gun ohun ìṣeré. Ó lọ kí wọ́n rí i, kó sì rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá dá, owó rẹ̀ ṣègbé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni èrò jẹ́ ìyà fún, òun àti ìyá tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ti ọgbà kankan. Ẹ fi iye tó wà lẹ́nu géètì ibi tí ẹ ń lọ rọ́pò rẹ̀. Ká ní bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ń ti Láfẹ́nwá bọ̀. Ti alẹ́ ọdún jẹ́ 10,000 náírà fún àgbà, 6,000 fún ọmọdé. Àgbà méjì jẹ́ 20,000, ọmọ mẹ́ta jẹ́ 18,000, àpapọ̀ 38,000. Iye tí bàbá ní lọ́kàn nìyẹn, òun náà ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé òru ni wọ́n máa padà, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó máa gbé wọn lódidi mọ̀ pé ọdún ni: àlọ àti àbọ̀, 8,000. Wọn kò gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé, ìrẹsì àti ẹlẹ́rìndòdò fún ẹni márùn-ún ní 4,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20,000. Tíkẹ́ẹ̀tì géètì kò kan ohun ìṣeré. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá gun mẹ́ta ní 1,000, ìyẹn 9,000. Gbogbo rẹ̀ di 75,000. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n polówó fi díẹ̀ ju ìdajì ìnáwó náà lọ ni.

Ìdílé kan náà, ní Sátidé lásán: 3,000 fún àgbà, 2,000 fún ọmọdé, ó jẹ́ 12,000. Ọkọ̀ ní ojúmọmọ, 4,000. Wọ́n jẹun kúrò nílé, wọ́n wá ra ìpápánu àti omi ní 7,000. Ohun ìṣeré, 9,000 náà ni. Àpapọ̀ 32,000.

Àárín 75,000 àti 32,000 jẹ́ 43,000. Iye gan-an tí wọ́n ń pe alẹ́ ọdún nìyẹn, ẹ má wo 10,000 tó wà lára ìpolówó. Nínú 43,000 yìí, 26,000 nìkan ni àlékún owó géètì. 17,000 yòókù, ti ọkọ̀ àti oúnjẹ ni, kò sì sí ìwé ìpolówó tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ wá bi ara yín: kí ni ohun tó wà lálẹ́ yẹn tí kò sí ní Sátidé? Bó bá jẹ́ olórin tí ẹ fẹ́ràn, tí ẹ kì bá wọ ọkọ̀ lọ wò ní Èkó kí ẹ sì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin lẹ jèrè, kí ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ iná ojú ọ̀run tó ń dún ní aago méjìlá, tí ọmọ yín sì ti sùn lọ lórí èjìká ní aago mẹ́sàn-án, ọmọ ẹlòmíràn lẹ sanwó fún.

Ohun tí ẹ fẹ́ wò náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àpáta Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830 kì í pààrọ̀ nítorí Kérésì. Àkàsọ̀ àti ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n fi kún un nígbà àtúnṣe ọdún 2006 ni ẹ máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè náà, àfi pé lọ́jọ́ ọdún èrò á pọ̀ lórí àkàsọ̀. Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà lọ, ẹ béèrè lẹ́nu géètì bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn kí ẹ tó sanwó. Bákan náà ni ọgbà ẹranko àti ọgbà ìṣeré tó wà nínú Ibi Ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mọ́sàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2017. Ẹranko kò mọ ọdún. Ọ̀sán ni ẹ ti lè rí i dáadáa, kò sì sí ẹni tó máa tì yín lẹ́yìn. Fún ẹni tó ń ti Èkó bọ̀, ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró ní Láderín láti 2021 ní iye owó tó ń gbà. Ẹ fi kún ìṣirò, kí ẹ sì fi ti kẹ̀kẹ́ láti ibùdókọ̀ dé inú ìlú kún un, torí pé ibùdókọ̀ náà kò sí láàárín ìlú.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí a kò kúkú lọ síbi ọ̀fẹ́? Ọdún Lísàbí wà, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá ń ṣe lọ́dọọdún. Òótọ́ ni, àmọ́ èmi kò tíì rí òde ọ̀fẹ́ kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò ní aṣọ ẹgbẹ́. Ká ra àdìrẹ ní Ìtòkú fún ẹni márùn-ún, ká rán an, ká dé fìlà tuntun sí i, ká wé gèlè tuntun sí i, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti kọjá níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé aṣọ máa ń ṣẹ́kù fún ẹni tó rà á ni. Lísàbí fúnra rẹ̀ tiẹ̀ ti fi ohun kan lélẹ̀ tó wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí. Inú ẹgbẹ́ àáró, níbi tí àgbẹ̀ ti ń bá àgbẹ̀ ro oko ní àyípoyípo, ló ti kó àwọn Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́. Bí ìdílé mẹ́ta ní àdúgbò kan bá pa owó ọkọ̀ pọ̀, tí wọ́n ya bọ́ọ̀sì kan, tí ìyá kan sì se oúnjẹ tí gbogbo wọn máa jẹ kí wọ́n tó kúrò nílé, apá tó tóbi nínú 17,000 tí a mẹ́nu bà lókè ti dín kù.

Kí a sì gbọ́ ti ẹni tó ni ọgbà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó tó ń lọ sórí jẹnẹrétọ̀ ti gòkè kọjá bẹ́ẹ̀. Oṣù tí òjò ń rọ̀, tí kò sí ẹni tó ń wá, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbowó, ẹranko rẹ̀ ń jẹun. Ọjọ́ mélòó kan nínú ọdún ló fi ń rí owó tó máa fi gbé àwọn oṣù yẹn. A kò lè pè é ní olè nítorí ìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta oúnjẹ, wọ́n máa ń wá bá yín náà pé kí ẹ gba àyè ìtajà nínú ọgbà lálẹ́ ọdún. Ìṣirò tiyín le ju ti bàbá ọlọ́mọ lọ. Ká ní àyè jẹ́ 60,000, ọmọọṣẹ́ méjì gba 10,000, ọkọ̀ tó kó ẹrù gba 10,000: 80,000 nìyẹn kí ẹ tó ṣí ìkòkò. Bí ẹ bá ń ta abọ́ kan ní 3,000, tí ohun tó lọ sínú rẹ̀ jẹ́ 2,000, èrè abọ́ kan jẹ́ 1,000. Ẹ gbọ́dọ̀ ta 80 abọ́ kí owó tí ẹ ná tó padà wálé. Láàárín wákàtí mẹ́fà, abọ́ kan nìyẹn ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀, láìsinmi. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń jèrè 30,000 ní ìsọ̀ yín ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di 110 abọ́ kí ẹ tó lè sọ pé ó sàn ju kí ẹ jókòó síbi tí oníbàárà ti mọ̀ yín. Ẹ bi wọ́n pé olóúnjẹ mélòó ni wọ́n fún láyè. Bó bá ju mẹ́rin lọ, ẹ rò ó dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, tó jáde ní 2019, ní kí olówò fi iye ọjà hàn, kò sì gbọdọ̀ gba ohun tó ju iye tó kọ síta lọ. Òfin yìí kan náà fún ẹni tó ti sanwó sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olówò lè yọ owó díẹ̀ tó bá ọgbọ́n mu nínú rẹ̀. Àjọ FCCPC ló ń bójú tó o. Nítorí náà ẹ má jù ìwé ìpolówó náà nù. Ẹ yà á sínú fóònù, kí iye owó, orúkọ olórin àti aago tí wọ́n ní wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ hàn níbẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì, torí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì kò ní ohun kan tó máa fi hàn bí olórin kò bá dé.