Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Gbé Ọ̀kẹ́rẹ́ Wọlé

Ọmọ mi, mo rí ohun tó wà nínú páálí mílíìkì tí o gbé gba ẹ̀yìn mi kọjá lálẹ́ àná. O rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló gba gbogbo ọkàn mi. Ojú mi wà lára aṣọ, etí mi wà lọ́dọ̀ rẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ebi ń pa kì í dákẹ́. Ìyá yàrá kejì ti wá bi mí láàárọ̀ yìí bóyá ọbẹ̀ lo fẹ́ fi sè. Mo ní rárá, ọmọ títọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ní Diobu, ní Port Harcourt níbí, ẹran ìgbẹ́ tó bá wọ àgbàlá, ìkòkò ló ń wá.

Mo mọ bó ṣe dé ọwọ́ rẹ. Ní ọjà Mile One, èyí tí ìjọba ń pè ní ọjà Rumuwoji, wọ́n ti yan ìyá rẹ̀ sórí àtẹ, òun sì wà láàyè nínú abọ́ lábẹ́ tábìlì. Bí èmi náà ṣe rí tèmi nìyẹn. Ọ̀kẹ́rẹ́ méjì ni mo ti sìn nínú ilé face-me-I-face-you yìí. Èkínní kú lọ́wọ́ mi. Ìkẹ́ ni mo fi pa á. Ìkejì ni mo sọ ní Kóró, òun ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Jókòó sórí àpótí yẹn, má sì jókòó lé aṣọ oníbàárà.

1. Mọ ẹni tó wọlé rẹ. Ikún ń gbẹ́ ihò, ilẹ̀ ló ń gbé. Ọ̀kẹ́rẹ́, tí àwọn ará ilé wa tó jẹ́ Ìgbò ń pè ní ọsa, orí igi ni tirẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ní ìlà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wà, èyí tí ìrù rẹ̀ ní òrùka òrùka náà wà. Olórùka yìí fẹ́ràn láti nà gbalaja sórí ẹ̀ka yá oòrùn, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi mú orúkọ oòrùn ní èdè Gíríìkì sọ ọ́: Heliosciurus. Olórùka ni Kóró. Tìrẹ kò tíì nírun tó láti dá a mọ̀.

2. Ooru ṣáájú oúnjẹ. Ikùn tó tutù kò lè da wàrà. Rọ omi gbígbóná sínú ike, fi aṣọ wé e, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páálí, kí ọmọ náà lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Bí ara rẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi ORS tí wọ́n ń fún ọmọdé tó ń yàgbẹ́ ni kí o kọ́kọ́ fi tọ́ ọ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wàrà, kì í sì í ṣe mílíìkì inú agolo tí ò ń pò mọ́ tíì, torí ìgbẹ́ gbuuru ni yóò dà sí i lára. Wàrà oníyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá sún mọ́ ti ìyá rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Dókítà ẹranko ni kí o bi. Sírínjì tó kéré jù, kò gbọdọ̀ ní abẹ́rẹ́, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kan. Kó da ikùn dé ilẹ̀ mu ún. Má tẹ́ ẹ sórí ẹ̀yìn bí ọmọ èèyàn, kí wàrà má baà gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà: ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì là kò lè dá tọ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń lá a nídìí kí ìtọ̀ tó wá. Níwọ̀n bí ìyá ti wà lórí àtẹ, ìwọ ni ahọ́n. Rẹ òwú sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, fi pa á nídìí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

3. Oúnjẹ. Mo ní láti pẹ́ lórí eléyìí, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Búrẹ́dì àti ẹ̀pà ni mo fi tọ́ èkínní. Ó fẹ́ràn ẹ̀pà débi pé ó máa ń gun apá mi wá já a gbà láàárín ètè mi, èmi náà á máa fi í yangàn fún àwọn oníbàárà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mo ní ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo bá gbogbo ilé jà. Dókítà ẹranko gbé e wò, ó ní eegun rẹ̀ ti rọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ẹ̀pà, àgbàdo àti búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kálísíọ́ọ̀mù wọn kò tó nǹkan. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá rí kálísíọ́ọ̀mù nínú oúnjẹ, inú eegun ló ti ń yá a, kì í sì í dá a padà. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ní ń pani. Ti inú òwe, ọdẹ ló dẹ pàkúté. Ti inú yàrá mi, èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín ni pàkúté.

Nígbà tí Kóró dé, mo bi ara mi léèrè ohun tí igi ì bá fún un. Ẹyìn ni olórí. Yóò jẹ ara rẹ̀ tó lépo, yóò sì fi wákàtí kan bá èèpo èkùrọ́ jà kó tó dé inú. Wọ́n ń fi rọ́bà kọ́sítáàdì wọ̀n ọ́n lọ́jà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí o máa rà, kó má baà kan. Ewé úgú lójoojúmọ́. Àgbọn díẹ̀, ìbẹ́pẹ díẹ̀. Ìtun pẹ̀lú, kòkòrò funfun ọlọ́ràá inú ìtì ọ̀pẹ yẹn, tí àwọn aláwàdà ń pè ní súyà Bayelsa. Ra tútù, kí wọ́n tó fi iyọ̀ àti ata sí i. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́sìn tí kì í jẹ ẹran, kòkòrò dùn mọ́ ọn. Lọ èèpo ẹyin kúnná, fi wọ́n ọn. Sọ eegun tí kò níyọ̀ sí i. Kó sì yá oòrùn àárọ̀ fún ìdajì wákàtí, kì í ṣe lẹ́yìn gíláàsì o, torí gíláàsì ń dí èyí tí ara fi ń ṣe fítámì D nínú oòrùn. 

Mi ò sọ ẹ̀pà di èèwọ̀. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìníyọ̀, kò gbọdọ̀ tíì bu. Òjò Port Harcourt kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ, májèlé sì wà nínú ẹ̀pà tó bu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú kí wọ́n tó rí i pé oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà bíbu ṣe ló pa wọ́n. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Wo tòlótòló bó ṣe tóbi tó, kí o wá wo ohun tó wà nínú páálí rẹ.

Bọ̀ọ̀lì ìlú yìí dùn, mo mọ̀. Ìwọ ni kí o jẹ ẹ́.

4. Fọ gbogbo ohun tí yóò jẹ. Láti ìparí ọdún 2016 ni èérí dúdú ti ń bọ́ láti ojú ọ̀run sórí wa, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní súùtù. Àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì nínú igbó ni wọ́n ń dá lẹ́bi jù. Fi ìka nu ojú fèrèsé rẹ láàárọ̀, wàá rí i. Ó ń bà lé ewé úgú lọ́jà. Ó tún ń bà lé irun ọ̀kẹ́rẹ́, ahọ́n ni ọ̀kẹ́rẹ́ sì fi ń wẹ̀. Nítorí náà má gbé àgò rẹ̀ sí ìta ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú láìsí òjò, má sì gbé e sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà.

5. Eyín iwájú rẹ̀ ń hù títí di ọjọ́ ikú, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan líle rẹ́. Bí o kò bá fún un ní igi àti eegun, wáyà iná ni yóò jẹ, ọjọ́ tó bá sì jẹ ẹ́ ni NEPA máa rántí wa.

6. Ọ̀rọ̀ aṣọ, iṣẹ́ mi nìyẹn. Má fi àkísà tó ń tú, tàbí táwẹ̀lì, tẹ́ ibùsùn rẹ̀. Fọ́nrán òwú máa ń wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́. Wá gba àjákù aṣọ lọ́wọ́ mi, màá bá ọ ká etí rẹ̀.

Ó tún máa ń fi oúnjẹ pamọ́. Mo ti rí èkùrọ́ nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ, nínú bàtà, nínú ife eyín àtọwọ́dá mi. Oníbàárà kan, ọmọ Ikwerre, wá gba agbádá tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó ki ọwọ́ bàpò, ó yọ èkùrọ́ mẹ́ta. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa Yorùbá àti oògùn. Ó rọra bọ́ agbádá sórí tábìlì, ó jáde láìdágbére. Ìyàwó rẹ̀ ló wá gbà á lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo fi Kóró hàn án lórí òkìtì aṣọ. Kó ohun tó lè rà kúrò níbi tó bá kó o sí. Èyí tó gbẹ, fi í sílẹ̀ fún un. Ilé rẹ̀ nìyẹn.

7. Kí o tó tú u sílẹ̀ nínú yàrá, lọ kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan nínú ilé yìí, kí o bi wọ́n ta ló da ọ̀tápíápíá sílẹ̀ fún eku. Bá mi kí wọn.

8. Ọwọ́ rẹ. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox nígbà náà bẹ́ sílẹ̀ ní Bayelsa, nígbà tó ti tó ọdún 39 tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀, kò sì pẹ́ tó dé Rivers níbí. Gbogbo wa ń sá fún ọ̀bọ. Orúkọ ló tàn wá. Ara ọ̀bọ inú ilé ìwádìí kan ní Copenhagen ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1958, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa rí kòkòrò àrùn náà lára ẹran ìgbẹ́ ní Áfíríkà, lọ́dún 1985 ní Kóńgò, ara ọ̀kẹ́rẹ́ onílà ni. Lọ́dún 2003, wọ́n kó ẹran kéékèèké bí 800 láti Ghana lọ sí Texas fún àwọn tó ń sin ẹran nílé. Òkété wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Àrùn ràn láti ara wọn mọ́ ìbátan ikún kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sìn, ó sì ti ibẹ̀ mú èèyàn 47. Láti ìgbà náà ni Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹran ìran eku láti Áfíríkà.

Mi ò sọ pé tìrẹ ní àrùn. Mo ní kí o fi ọṣẹ fọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn. Má bá a fẹnu konu, bí èmi òpè ṣe ń ṣe. Má jẹ́ kó sùn lórí ìrọ̀rí rẹ. Bó bá bu ọ́ jẹ, fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà dáadáa, kí o lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ibà àti ìléròrò ara bá mú ọ lọ́jọ́ kan, ohun àkọ́kọ́ tí wàá sọ fún dókítà ni pé o ń sin ọ̀kẹ́rẹ́.

9. Fóònù rẹ ńkọ́? Mo rí iná rẹ̀ lálẹ́ àná, ò ń ya fídíò. Nínú ìtàn àwọn bàbá wa, wọ́n kìlọ̀ fún Ọ̀kẹ́rẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì, ó sáré bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ké sí gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ilé òun ti kún fún ọmọ, kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n yà wá wò ó lóòótọ́. Orí iyán ni àwọn ọmọ náà bá lọ.

O lè ní ìtàn àgbà lásán ni. Ní ìpínlẹ̀ New York, ọkùnrin kan gba ọ̀kẹ́rẹ́ kan là lẹ́yìn tí ọkọ̀ pa ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Peanut, ẹ̀pà nìyẹn, ó sìn ín fún ọdún méje. Òkìkí rẹ̀ kàn lórí Instagram. Òfin ibẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin ẹran ìgbẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn kan fẹjọ́ sùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2024 àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá gbé e lọ. Wọ́n ní ó bu ọ̀kan nínú wọn jẹ. Wọ́n pa á kí wọ́n lè yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò fún dìgbòlugi. Nígbà tí èsì jáde, kò ní dìgbòlugi. Níbí, ìjọba kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá rí fídíò rẹ tó sì mọ ilé wa, ọbẹ̀ ló ń rí.

10. Bó bá dàgbà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọ́ jẹ, ìwọ tó ń bọ́ ọ. Kì í ṣe àìmoore. Ọkọ tàbí aya ló ń wá. Má wá sọ pé o dá a sílẹ̀ ní òmìnira, kí o sì jù ú sí ẹ̀bá Ikwerre Road. Garden City ni wọ́n ń pe ìlú yìí, ka igi tó kù ní Mile One fún mi. Oko ọ̀pẹ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo gbé Kóró lọ. A so àgò rẹ̀ mọ́ igi fún ọ̀sẹ̀ méjì láìṣí i, kó lè mọ ìró ibẹ̀. Lẹ́yìn náà a ṣí ilẹ̀kùn, a sì ń gbé oúnjẹ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gun ọ̀pẹ lọ, ó wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Èmi ni ọdẹ lọ́jọ́ yẹn. Ó padà wá jẹun fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kù sílẹ̀.

11. Jẹ́ kó sùn. Kì í ṣe ẹran òru bí òkété. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti parí. Ọ̀rẹ́ tó bá dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ pé òun fẹ́ rí i, ní kó padà wá láàárọ̀. Ó yá, dìde, ara ọmọ yẹn á ti máa tutù. Ike omi tí mo fi ń mú Kóró móoru wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ, lábẹ́ àwọn èkùrọ́ tí mi ò tíì kó kúrò.