"Ọbẹ̀ Tòní Dùn." "Tàná Ńkọ́?": Bí Wa àti Mo Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Èdè Japan



Nígbà tí mo wálé sí Ìjìó ní ìsinmi tó kọjá, ìyá àgbà ro ọkà fún mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní, "Ìyá àgbà, ọbẹ̀ tòní mà dùn o." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Tàná ńkọ́?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò sí lọ́kàn mi pé tàná ò dùn, àmọ́ ohun tí wọ́n gbọ́ nìyẹn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo tún ṣe irú àṣìṣe yìí lédè Japan. Mò ń kọ́ èdè náà lórí fóònù nítorí mo fẹ́ lọ kàwé síwájú níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tá a parí ẹ̀kọ́, mo kọ̀wé sí olùkọ́ mi pé: *Kyō wa yoku wakarimashita.* Mo rò pé ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ̀kọ́ yé mi dáadáa lónìí." Olùkọ́ dáhùn pé kí n má bínú, ṣé àwọn ẹ̀kọ́ tó ṣáájú ò yé mi ni? Ojú tì mí. "Tàná ńkọ́?" tún ti dé! Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló fà á: *wa*.

Iṣẹ́ wo ni wa ń ṣe?

Nínú èdè Japan, irú ọ̀rọ̀ kékeré báyìí máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́ ni. Lẹ́tà は ni wọ́n fi ń kọ *wa*. *Ha* ni wọ́n sábà máa ń ka lẹ́tà yẹn, àmọ́ tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, *wa* ni wọ́n ń kà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ohun tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí síwájú ẹni tó ń gbọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn la máa wá sọ ohun tá a fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Àwa náà ń ṣe é. A lè fi "ní ti" bẹ̀rẹ̀, tàbí ká dárúkọ nǹkan, ká dánu dúró díẹ̀, ká wá máa bọ́rọ̀ lọ: "Adé, irun rẹ̀ gùn." Lọ́dún 1960, olùkọ́ ìṣirò kan tó tún jẹ́ onímọ̀ gírámà, Mikami Akira, fi gbólóhùn kan ṣe orúkọ ìwé rẹ̀: *Zō wa hana ga nagai.* *Zō* ni erin, *hana* ni imú, *nagai* sì ni kó gùn. Tá a bá fi Yorùbá sọ ọ́: "Erin, imú rẹ̀ gùn." Erin là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, imú ló gùn.

Àmọ́ "ńkọ́" ló jẹ́ kí *wa* yé mi jù. Ẹ wo bá a ṣe ń kíra wa: "Ilé ńkọ́? Ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" A kàn ń gbé nǹkan kalẹ̀ ni, ẹni tá a kí ló máa parí ọ̀rọ̀. Ará Japan lè béèrè pé *Okāsan wa?* Ó parí. "Ìyá ẹ ńkọ́?" nìyẹn.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Tẹ́ ẹ bá fa ẹnì kan yọ láàárín àwùjọ, ojú á lọ sára àwọn tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni *wa*: ó lè kàn gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ó sì lè ya nǹkan kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù. Kuno Susumu ṣàlàyé iṣẹ́ méjèèjì yìí nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1973. Tí mo bá fi *wa* sẹ́yìn *kyō*, ìyẹn òní, mo ti ya òní sọ́tọ̀ nìyẹn, àná á sì máa bínú.

Ga àti "ni"

Ẹ má fi *wa* sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìbéèrè bíi *dare*, ìyẹn "ta". Ẹni tá ò tíì mọ̀, báwo la ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀ ká máa sọ̀rọ̀ rẹ̀? *Ga* ni wọ́n ń lò: *Dare ga kimashita ka?* "Ta ni ó wá?" Ìdáhùn: *Tarō ga kimashita.* "Tarō ni ó wá." Ṣé ẹ rí "ni" tiwa níbẹ̀? Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn.

Mo àti "náà"

*Mo* yìí kì í ṣe "mo" ti "mo jẹun" o. "Náà" ni: *Watashi mo gakusei desu*, "Èmi náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́." Ẹ fi nǹkan mẹ́ta sọ́kàn:

1. Ó máa ń lé *wa* àti *ga* kúrò ni. Kò sí *Tarō wa mo*. *Tarō mo* ni. Àmọ́ kì í lé *ni* tó ń tọ́ka ibi: *Ijio ni mo gakkō ga arimasu*, "Ní Ìjìó náà, ilé ẹ̀kọ́ wà." (*Ni* yìí jọ "ní" tiwa, àmọ́ ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, àwọn èdè méjèèjì ò bára tan.)

2. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún un ni kẹ́ ẹ fi *mo* sẹ́yìn rẹ̀. *Watashi mo hon o kaimashita*: ẹlòmíì ti ra ìwé, èmi náà rà á. *Watashi wa hon mo kaimashita*: mo ti ra nǹkan míì, mo tún ra ìwé.

3. Tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìbéèrè tí gbólóhùn sì jẹ́ "kò", ó di "ẹnikẹ́ni": *Dare mo kimasen deshita*, "Ẹnikẹ́ni ò wá."

Ibì kan wà tí *mo* ti ṣe kedere ju "náà" lọ. "Olùkọ́ náà ti dé" lè jẹ́ olùkọ́ tá a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíì ti dé, olùkọ́ wá dé kún un. *Sensei mo* ò ní ju ìtumọ̀ kejì yẹn lọ.

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò

Èwo ló yẹ níbẹ̀: *wa*, *ga* tàbí *mo*?

a. Wọ́n bi yín pé, "Ta ló fọ́ abọ́?" Ẹ̀yin ni. *Watashi ___ warimashita.*
b. Ọ̀rẹ́ yín ní òun ń lọ. Ẹ̀yin náà ń lọ. *Watashi ___ ikimasu.*
d. Ẹ fẹ́ béèrè bàbá ọ̀rẹ́ yín. *Otōsan ___?*

Ìdáhùn: (a) *ga*, (b) *mo*, (d) *wa*.

Ohun tó yẹ kí n kọ sí olùkọ́ mi ni *Kyō mo yoku wakarimashita*: òní náà yé mi, bíi tàtẹ̀yìnwá. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́, olùkọ́ sì fi àwòrán ẹ̀rín dá mi lóhùn. Tí mo bá tún padà dé Ìjìó, mo ti mọ ohun tí màá sọ: "Ìyá àgbà, ọbẹ̀ tòní náà dùn o."