Bí Ológbò Bá Ròde, Ta Ni Yóò Ṣọ́lé?

Àwọn àgbà ní bí ológbò bá ròde, ilé a di ilé èkúté. Kì í ṣe pé wọ́n ń bá ológbò wí nítorí pé ó ròde. Ilé tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń rò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ sójà rí. Bí wọ́n bá gbé e láti bárékè ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ lọ sí Maiduguri, gbogbo wa la mọ̀ pé ó lọ kojú ọ̀tá. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ẹni tó kù tó ń lé èkúté nílé.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ìjọba máa ń ṣe ìrántí àwọn akọni ológun. Ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí lọ́dún 1970. Gómìnà á gbé òdòdó sẹ́sẹ̀ ère, wọ́n á yìnbọn sókè, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ó dára, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ń dunni bí a bá rántí rẹ̀ níbẹ̀: ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Opó tó jókòó síwájú lọ́jọ́ náà á padà sílé nírọ̀lẹ́. Ẹyẹlé ti fò lọ, owó ilé ìwé ọmọ ṣì wà nílẹ̀.

Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ tí mo ń sọ kì í ṣe ti ọjọ́ kan lọ́dún. Ohun kékeré ni, tó ń wá léraléra, láti ọwọ́ ẹni tó wà nítòsí. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, nọ́ńbà ta ni ìyàwó sójà máa tẹ̀? Jẹ́ kó jẹ́ tìrẹ, kó o sì sọ fún un ṣáájú. Bí o bá ń wa ọkọ̀ gbé ọmọ rẹ lọ sílé ìwé, àyè ọmọ méjì kò ní wọ́n ọ. Bí kápẹ́ńtà bá wá tún òrùlé rẹ ṣe, ní kó yọjú wo tirẹ̀. Bí ẹ bá jọ ń dá àjọ, ẹ jẹ́ kó kó tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilé ìwé bá ń wọlé, kó má baà jẹ́ pé ìgbà tí kò nílò rẹ̀ ló máa kàn án. Ẹnu lásán ni a fi ń kí sójà ní “ẹ kú iṣẹ́”, ẹnu sì dùn-ún-rò'fọ́. Ọwọ́ ló ń sebẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé irú oore bẹ́ẹ̀ kéré, kó gbọ́ ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lọ́dún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ àfonífojì odò Kaladan ní Burma. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kú. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ló ṣẹ́kù sínú igbó níbẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, tó sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù 9. Bí àwọn ọ̀tá bá mọ̀, orí rẹ̀ ni ìbá fi san án. Isaac padà sílé láàyè, ó sì gbé ayé títí di ọdún 2012. Shuyiman kò bá a tan, kò gbọ́ èdè rẹ̀. Àwa tí a jọ ń pọnmi nínú kànga kan ńkọ́?

Oore wà tí ọwọ́ ń ṣe, òmíràn wà tó jẹ́ pé kí a pa ẹnu mọ́ ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí o bá rí i lórí WhatsApp pé wọ́n kọlu àwọn sójà ní Borno, má sáré kan ilẹ̀kùn ìyàwó sójà láti bi í bóyá ó ti gbọ́. Ó lè ti ń tẹ fóònù ọkọ rẹ̀ láti àárọ̀, kó má wọlé. Lọ jókòó tì í, kó o sì bá a bójú tó àwọn ọmọ. Ìròyìn ikú, iléeṣẹ́ ológun ló ni ín, kì í ṣe tìrẹ. Bó bá sì sọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà fún ọ, jẹ́ kó kú sí ọ níkùn, torí ògiri létí.

Èyí tó kàn, sójà fúnra rẹ̀ ni mò ń bá sọ ọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló wọṣẹ́ ní àpọ́n, tó kọ orúkọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí wọn yóò fún lówó rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó gbéyàwó, ó bímọ mẹ́ta, orúkọ àtijọ́ ṣì wà nínú ìwé. Ìwé kò mọ ẹni tó ń sunkún jù. Orúkọ tí a kọ sí i ló mọ̀. Arákùnrin mi, lọ tún un ṣe kí o tó tún lọ sójú ogun. Fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ àti nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ sọ́wọ́ ìyàwó rẹ, kí o sì fi òmíràn sọ́wọ́ àgbà kan tí o fọkàn tán. Rántí pé ilé bárékè, ilé ìjọba ni. Opó kò lè gbé ibẹ̀ títí láé. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, bí owó bá ti ọwọ́ yín kọjá, ti àwọn ọmọ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pe opó pé kó san owó díẹ̀ kí owó ọkọ rẹ̀ lè jáde, oníjìbìtì ni.

Bí ológbò bá wá dé ńkọ́? Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí òkùn á sá. Ọkùnrin tó ń ta gìrì bí àwọn ọmọ bá yin bángà ní Kérésìmesì kì í ṣe ojo, orí rẹ̀ kò sì dàrú. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Bí kò bá rí oorun sùn, tó ń dá wà, tí ọtí sì ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má jẹ́ kó dá lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn Arò l'Abẹ́òkúta máa gbé ní àwọn abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Ó mọ̀ pé ará ilé ẹni wà lára oògùn.

Ohun kan ló kù. Bí o bá bi ìyàwó sójà pé, “Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí nǹkan?” yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, “Kò sí o, a dúpẹ́.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ wọn. Nítorí náà, má bi í. Korobá tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ yẹn, gbé e, kí o lọ pọnmi sí i.