Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Onífọ́tò Tó Fẹ́ Ra Full-Frame

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ló yẹ kí onífọ́tò pa fún ara rẹ̀ kó tó kówó sápò lọ sí Ìkejà lọ ra kámẹ́rà full-frame, torí àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kò ní í bá a pa á. Iye megapixel ni wọn yóò máa kà sí i létí. Ẹni tó bá sì fi megapixel nìkan wé kámẹ́rà méjì, kò tíì wé nǹkan kan.

Kí là ń wá nínú full-frame gan-an? Àyè ni. Sensor, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà sí nínú kámẹ́rà, fẹ̀ tó mìlímítà 36 sí 24, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fíìmù tí Leica sọ di gbajúmọ̀ láti ọdún 1925. Ti APS-C, oríṣi sensor tó kéré sí i, kò tó ìdajì àyè yẹn. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, tí ẹni tó ń jó kò sì ní í dúró dè ọ́, àyè yẹn ni kì í jẹ́ kí ara àwòrán rí ṣákaṣàka.

Ọ̀ràn tiwa tún lé kan. Ìyàwó dúdú, léèsì funfun, oòrùn ọ̀sán gangan. Bí o bá wọn ìmọ́lẹ̀ fún léèsì, ojú ìyàwó á ṣú; bí o bá wọ̀n ọ́n fún ojú, gbogbo iṣẹ́ ọnà ara léèsì tí wọ́n fowó ńlá rà á pòórá. Kámẹ́rà tó lè gbé méjèèjì pọ̀ ló tó owó í ná lé lórí. Canon 5D Mark II ti 2008 àti Mark III ti 2012 ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà nígbà tiwọn, ṣùgbọ́n bí o bá mú ibi tó ṣókùnkùn nínú fáìlì RAW wọn mọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìlà-ìlà á yọ jáde. Nikon D750 àti Sony A7 III gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mark IV ti 2016 náà ti sàn ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ tèmi, ibí yìí ni mo ti máa kọ́kọ́ wé wọn.

Ní ti megapixel tí wọ́n ń pariwo, 24 tó fún àwòrán tó gùn ní íǹṣì 20, tó fẹ̀ ní 13, láìfọ́. Álúbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó mélòó ló tóbi tó bẹ́ẹ̀? Nikon D850 ní 45.7, fáìlì RAW rẹ̀ kan sì lè tó 50 MB. Ya 2,000 lóde kan ṣoṣo, 100 GB ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń ya àwòrán gbàgàdà fún ilé ìpàtẹ ni eku rẹ̀ tóbi tó ìtẹ́ yẹn.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Lẹ́ńsì ni orí nínú iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ara kámẹ́rà làwọn ọ̀dọ́ wa ń náwó lé tán, tí wọ́n á wá máa fi lẹ́ńsì tí kò já mọ́ nǹkan ṣiṣẹ́. Bí a ṣe ń wádìí ìdílé ọmọge ká tó gbé e níyàwó, ó yẹ ká wádìí ìdílé lẹ́ńsì tí kámẹ́rà fẹ́ mú wa wọ̀. Sony ṣílẹ̀kùn fún Sigma àti Tamron, ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì gidi fi wà fún un lówó pọ́ọ́kú. Canon ti ilẹ̀kùn RF, ìyẹn ìdílé lẹ́ńsì rẹ̀ tuntun, mọ́ wọn fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó sì ṣí i díẹ̀ ní 2024, ti APS-C ló fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ẹ má tíì ta àkísà yín. Lẹ́ńsì EF tí Canon bẹ̀rẹ̀ ní 1987 ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kámẹ́rà RF bí ẹ bá fi adapter sí i. Ti Nikon ló gba ìṣọ́ra: àwọn AF-D àtijọ́ tí kò ní mọ́tò nínú kò ní í lè fúnra wọn ṣe ìfojúsùn lórí kámẹ́rà Z pẹ̀lú FTZ, adapter Nikon. D750 tàbí D850 ṣì sàn fún ẹni tó ní irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ nílé.

Ohun tí A7 III fi ń gbà mí lọ́kàn lóde aríyá ni ibùdó ìfojúsùn 693 tó bo ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán. Bí ìyàwó bá jó kúrò láàárín, kámẹ́rà á ṣì di ojú rẹ̀ mú. Ti 5D Mark IV jẹ́ 61, àárín ni gbogbo wọn sì kó ara jọ sí. Àmọ́ D850 lè ya 1,840 lórí bátìrì kan ní ìwọ̀n CIPA, nígbà tí A7 III jẹ́ 610 fún ẹni tó ń wo inú viewfinder. NEPA tí a mọ̀ ni NEPA yìí, nítorí náà fi owó bátìrì méjì kún owó Sony kó o tó sọ pé kò wọ́n. Má sì tan ara rẹ pẹ̀lú shutter aláìdún tó wà nínú rẹ̀: ó dára ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n lábẹ́ iná LED gbọ̀ngàn, ìlà dúdú lè gba ojú gbogbo àlejò kọjá.

Àyè káàdì méjì pọn dandan fún onífọ́tò ìgbéyàwó. Canon EOS R àti Nikon Z6 àkọ́kọ́ ní ẹyọ kan péré. Bí káàdì yẹn bá kú, kò sẹ́ni tó máa tún ìgbéyàwó ṣe nítorí rẹ.

Àwọn aláriwo á ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ A7 III pẹ̀lú Tamron 28-75 f/2.8 á la àpáta òde aríyá. Bó o bá fẹ́ rà á, mú káàdì tìrẹ dání. Ya ògiri funfun ní f/16 kó o lè rí ìdọ̀tí tàbí ibi tó ti ha lójú sensor. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì, kó o wo ohun funfun tó máa ń hù níbẹ̀ bó bá ti gbé ibi ọ̀rinrin pẹ́. Béèrè iye ìgbà tí shutter ti ṣí: 150,000 ni Canon dán ti 5D Mark IV wò dé, Nikon sì dán ti D850 dé 200,000. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò ráyè wàhálà yẹn, dá owó rẹ padà sápò. Ṣọ́ọ̀bù kejì náà ń ta tòkunbọ̀.