Ipò àti Ìpele: Èdè-Ìperí fún Jíjí Aṣèṣirò Kọ̀ǹpútà

Bí a bá tan kọ̀ǹpútà tí ó ní aṣèṣirò púpọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń kọ́kọ́ jí. Òun ni yóò pilẹ̀ iṣẹ́ inú èkùrọ́ ètò-ìdarí, tí yóò sì jí àwọn yòókù. (“Èkùrọ́” sàn ju “kóró” lọ níhìn-ín: kóró ni à ń gbìn, ṣùgbọ́n èkùrọ́ ni èèpo líle bò.)

Nínú Linux, ìwé-orúkọ mẹ́rin ni ó ń sọ ipò aṣèṣirò kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ lè fi ọjà Mile 12 ní Kòsọ́fẹ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ilẹ̀ tí a là sílẹ̀ fún ìsọ̀ yàtọ̀ sí ìsọ̀ tí a ti kọ́; èyí tí a kọ́ yàtọ̀ sí èyí tí a ti ṣí láàárọ̀; èyí tí a ṣí pàápàá yàtọ̀ sí èyí tí alárù ti ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátò wọ̀. “Aṣeéní”, “awàníbẹ̀”, “ají” àti “agbaṣẹ́” bá wọn mu. Aṣèṣirò aṣáájú kò ní ẹni tí yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ara rẹ̀ sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. boot_cpu_init ni orúkọ iṣẹ́ yìí.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí ó fara jọ ọ́. Àkàsọ̀ kan wà tí aṣèṣirò ń gùn láti ojú oorun dé ojú iṣẹ́, inú àpò tirẹ̀ ni ó sì ń kọ ìpele tí ó dé sí. boot_cpu_state_init ni wọ́n pe èyí, orúkọ tí ó lè mú kí ènìyàn rò pé ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ó sì ń ṣáájú smp_prepare_boot_cpu. Lórí x86, kò sí ewu. Lórí arm àti arm64 ńkọ́? smp_prepare_boot_cpu gan-an ni ó ń fi ibi tí àpò wà han aṣèṣirò! Nígbà tí a gbìyànjú láti tún ọ̀nà ìkọ̀wé náà ṣe kí ó mọ́ sí i, ó kùnà pátápátá lórí arm64. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Linus Torvalds gbé iṣẹ́ náà sẹ́yìn ìmúra àpò, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí boot_cpu_hotplug_init.

Atúmọ̀ tí ó bá lo “ipò” fún méjèèjì yóò dá àṣìlóye yẹn padà sínú Yorùbá. Kí “ipò” dúró fún ìwé-orúkọ mẹ́rin, kí “ìpele” sì dúró fún àkàsọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, “ìforúkọsílẹ̀-aṣáájú” lè ṣíwájú ìmúra àpò. “Ìkọ-ìpele-aṣáájú” kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.