Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Bí Ẹ̀rọ Géèmù Bá Kú ní Ṣọ́ọ̀bù, Kí Ẹ Tó Tọrọ Ẹ̀yáwó

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan àwọn tó ń fi ẹ̀rọ géèmù ṣòwò láàárín wa, àwọn tí ọmọdé àti ọ̀dọ́ ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù ojú tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí kò mọ̀ lè pè é ní eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń rí owó ilé ìwé àwọn ọmọ wọn. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ọjà dákẹ́ nìyẹn, àwọn oníbàárà á sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n sáré wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó kú gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a mú PlayStation 4, tó jáde ní ìparí ọdún 2013. Bí fáànù rẹ̀ bá ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, tí ó sì ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, eruku ló sábà máa ń fà á. Ooru inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á tú u, á gbọn eruku rẹ̀, á sì pààrọ̀ ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lórí ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Bí iná bá ń tàn lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí tẹlifíṣọ̀n kò gbé àwòrán, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà, kí ẹ tún gbé e sí tẹlifíṣọ̀n mìíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yẹ ihò HDMI wò, nítorí wáyà tí à ń fà yọ, tí à ń tì bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, máa ń tẹ irin inú rẹ̀. Bí ó bá tàn tí kò lè ṣí géèmù, ó lè jẹ́ háàdì díìsìkì. Iná tó ń já lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan pamọ́ lè bà á jẹ́, àwa tí a sì wà ní Nàìjíríà mọ bí iná ṣe ń já. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ṣe é kí ẹni tó ni ín lè pààrọ̀ díìsìkì náà fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí owó rẹ̀ tó ti ẹ̀rọ mìíràn.

Ti bọ́ọ̀dù ni ó yàtọ̀. Xbox 360 tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2005 ti kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí. Iná pupa á tàn lójú rẹ̀, ó parí. Gbígbóná àti títutù lemọ́lemọ́ ló ń sán ìsopọ̀ inú rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2007, ilé iṣẹ́ náà sún àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún àìsàn yìí sí ọdún 3, wọ́n sì ya owó tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Àwọn kan a máa fi táwẹ́ẹ̀lì wé ẹ̀rọ náà kí ó lè gbóná. Ó ń jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ó fi ń padà kú. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá ní òun á fi iná yan bọ́ọ̀dù fún yín, ẹ má sanwó gidi fún àjíǹde ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí rírà bá wá di dandan, ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. Iná tiwa tó 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. PS4 lè gba méjèèjì, àmọ́ pawa Xbox 360 tó ti Amẹ́ríkà wá kò lè gba tiwa, á jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára pawa kí ẹ tó kì í bọ iná. Ẹ tún ronú kan àwọn díìsìkì tó ti wà nílẹ̀. PS5 tó ní ojú díìsìkì ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú díìsìkì PS4. Èyí tí kò ní ojú díìsìkì kò ní lè lò wọ́n. Páàdì PS4 kò sì lè gbá géèmù PS5. Ẹni tó bá ka owó ẹ̀rọ nìkan, tí kò ka ti páàdì àti géèmù mọ́ ọn, ìṣirò rẹ̀ kò tíì pé.

Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lójú yín, ó kéré tán wákàtí kan. Ẹ gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ẹ ka ìwé ìlérí àtúnṣe rẹ̀, kí ẹ wò bóyá ó yọ ẹ̀rọ tí a fi ń pawó sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ká sọ pé ẹ̀rọ kan jẹ́ N360,000, tí a sì retí pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 3. Oṣù 36 nìyẹn. N10,000 lóṣù ni ẹ̀rọ náà ń jẹ, bí a kò tilẹ̀ rí i. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó tó ń wọlé kí ẹ tó pe ìyókù ní èrè, kí ẹ sì fi í pamọ́ sínú àjẹṣẹ́kù yín láti oṣù àkọ́kọ́. Bí ẹ̀rọ bá kú ní oṣù 24, N240,000 ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yáwó kékeré ló kù, kò sì ní ṣòro láti rí onígbọ̀wọ́.

Ní ti ẹ̀rọ tó kú, ẹ má fi í ta oníṣẹ́ lọ́rẹ. Páàdì, pawa àti díìsìkì inú rẹ̀ ṣì ní olówó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tà á, ẹ yọ orúkọ àti káàdì báńkì yín kúrò nínú rẹ̀. Bí kò bá tàn mọ́, ẹ yọ háàdì díìsìkì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó wà lọ́wọ́ yín.